Àmì tó wà lápá ọmọ yín: ìdáhùn sí ìyá kan nípa ọfọ̀ àti àmì àwọn ará Íslándì

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta. Mo gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú díẹ̀: "Ọmọ mi ọkùnrin tó ń kàwé ní Leeds fín táàtù kan sí apá òsì. Ó dà bí egungun agbòjò tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Ó ní Vegvísir lorúkọ rẹ̀, pé kọ́ńpáàsì àwọn Viking ni, pé ẹni tó bá ní in lára kì í ṣìnà. Pásítọ̀ wa rí fọ́tò rẹ̀, wọ́n ní májẹ̀mú òkùnkùn ni, pé ká wá nǹkan fi bó o kúrò lára ọmọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí ìwé àwọn ará ibẹ̀, ṣé oògùn ni lóòótọ́? Ṣé ó lè ṣe ọmọ mi ní nǹkan?"

Ẹ kú àníyàn ọmọ, Mà. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, àwòrán yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ ni kò jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn, ìbẹ̀rù pé ọmọ yín ti lè bá ohun tí kò mọ̀ mulẹ̀ ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ka àwọn ìwé àfọwọ́kọ láti Íslándì, erékùṣù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Iceland. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fín irú àmì yìí ti bi mí léèrè lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yin sì ni ìyá àkọ́kọ́ tó bi mí, nítorí náà n kò ní fi ìdáhùn náà ṣeré. Inú ìwé oògùn ni àmì náà ti wá, n kò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ kì í ṣe ti àwọn Viking, àwọn jagunjagun atukọ̀ ojú omi àtijọ́ láti àríwá Yúróòpù, kò sí májẹ̀mú kankan nínú rẹ̀, àwọn tó ni ín pàápàá kò sì gbà pé àwòrán nìkan ni oògùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Galdrastafur ni àwọn ará Íslándì ń pe irú àmì bẹ́ẹ̀. Inú "gala" ni "galdur" ti yọ jáde, gala sì ni kí ènìyàn máa fi ohùn orin pe nǹkan. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n ń lò fún àkùkọ tó ń kọ. "Stafur" ẹ̀wẹ̀ jẹ́ ọ̀pá, ó sì tún jẹ́ lẹ́tà inú ìwé. Ẹni tó bá mọ ohun tí à ń pè ní ọfọ̀ nílé wa yóò tètè mọ ibi tí wọ́n ń lọ: ẹnu ló ṣíwájú, ìlà tí wọ́n fi ọ̀bẹ fín ló tẹ̀ lé e. Nínú àwọn ìwé wọn, àmì kì í dá dúró. Ìwé a sọ irú igi tàbí irin tí wọ́n gbọ́dọ̀ fín in sí, ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi pa á lára, tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fín in nígbà mìíràn, ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ sí lára, àti ọ̀rọ̀ tí ẹnu gbọ́dọ̀ pè. Bí ọmọdé bá fi ẹfun ya àwòrán tírà sára ògiri, kò sí ẹni tó máa sọ pé ògiri ti so tírà. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn náà.

Ọ̀rọ̀ Viking ló tún kù láti tú, nítorí òun ló ń fa àwọn ọ̀dọ́ jù. Nǹkan bí ọdún 1066 ni àwọn òpìtàn máa ń fi òpin sí ìgbà àwọn Viking. Vegvísir tí gbogbo ayé ń fín sára lónìí wà nínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Huld, èyí tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Geir Vigfússon fọwọ́ kọ ní ìlú Akureyri ní 1860. Ìwé náà wà ní ilé ìkàwé ìjọba wọn ní Reykjavík títí di òní, nọ́ńbà rẹ̀ ni ÍB 383 4to. Kí ẹ lè mọ bí ó ṣe sún mọ́ wa tó: nígbà tí Geir ń kọ ọ́, Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta yín níbẹ̀, láti December 1859. Àwọn ìwé tó dàgbà ju tirẹ̀ lọ ni Geir ń dà kọ, nítorí náà àmì náà lè ju kálámù rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì rí i lára ọkọ̀ ojú omi, òkúta tàbí idà Viking kankan. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹni tó bá mú àwọn àmì yìí dání kò ní ṣìnà nínú ìjì yìnyín tàbí ojú ọjọ́ burúkú, bí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Kò dárúkọ ogun, kò sì dárúkọ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìjì yìnyín yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí àmì náà wà. Hríð ni wọ́n ń pè é. Mo ti wà nínú rẹ̀ rí ní ẹkùn ìwọ̀-oòrùn àríwá ilẹ̀ náà, tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí mo fẹ́ wọlé, ìrìn ìṣísẹ̀ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Mo na ọwọ́ mi síwájú, n kò rí i. Afẹ́fẹ́ ń ti yìnyín bọ̀ mí lójú, funfun lókè, funfun nílẹ̀, n kò sì mọ apá ibi tí ilẹ̀kùn wà mọ́. Okùn tí onílé mi so láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé ẹnu ọ̀nà ni mo fà mú tí mo fi wọlé. Ẹ wá wo darandaran tó ń wá àgùntàn lórí òkè nígbà ìwọ́wé, ní ayé tí kò sí iná mànàmáná, tí oko kan sí èkejì jẹ́ ìrìn wákàtí mélòó kan, tí igi kò sì sí tó lè fi ṣàmì ọ̀nà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń wá Vegvísir. Ìbẹ̀rù ikú inú òtútù ló bí i, bí ìbẹ̀rù ejò ṣe bí ọ̀pọ̀ oògùn lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tiwa.

Bí ẹ bá ṣí àwọn ìwé yìí láti ojú ewé dé ojú ewé, ohun tí ẹ máa rí ni àìní àwọn tálákà. Àmì wà fún mímọ olè: wọ́n á fín in sí ìsàlẹ̀ abọ́ igi, wọ́n á da omi àti ewé kan tí wọ́n ń pè ní vallhumall sí i, kí ojú olè lè hàn nínú omi. Àmì wà fún òkúta ìpọ́nbẹ, kí dòjé lè mú dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń pa koríko ẹran, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kúrú púpọ̀, bí koríko kò bá sì tó, ẹran á kú nígbà òtútù. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní Kaupaloki, fún ọjà títà, àwúre pọ́ńbélé. Lásabrjótur wà fún ṣíṣí àgádágodo: wọ́n á gbé e lé e, wọ́n á sì mí èémí sí i. Àwọn tó ń ja ìjàkadì wọn tí wọ́n ń pè ní glíma máa ń fi méjì sínú bàtà, Gapaldur lábẹ́ gìgísẹ̀, Ginfaxi lábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀, wọ́n á sì pe èṣù pé kó wá dúró ti àwọn nítorí ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Ægishjálmur náà wà níbẹ̀, èyí tó ṣeé ṣe kí ọmọ yín fín tẹ̀ lé èyí bí ẹ kò bá tètè bá a sọ̀rọ̀. Òun dàgbà jù ú lọ ní orúkọ, nítorí ó wà nínú àwọn ewì àtijọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí dírágónì Fáfnir fi ń dẹ́rù ba gbogbo ènìyàn. Nínú ìtàn àwọn ará oko tí Jón Árnason kó jọ tí wọ́n tẹ̀ ní Leipzig láàárín 1862 sí 1864, òjé ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí láàárín ìpéǹpéjú méjèèjì, wọ́n á sì sọ pé àwọn gbé e. Ẹni tó fẹ́ lọ kojú alágbára tó ń bínú sí i ló nílò rẹ̀.

Àwọn kan burú, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ìtàn nábrók, ṣòkòtò òkú, wà láàárín wọn. Ọkùnrin méjì á ṣe àdéhùn nígbà tí wọ́n wà láàyè. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á lọ hú u, á bó awọ rẹ̀ láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ láìya, á sì gbé e wọ̀. Yóò wá jí owó ẹyọ kan lọ́wọ́ opó tálákà, yóò fi í sínú àpò awọ náà pẹ̀lú àmì tí wọ́n kọ sára ìwé, owó kò sì ní tán níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kú, ọkàn rẹ̀ gbé. Tilberi náà wà: obìnrin á jí egungun ìhà kan ní ibojì ní àárọ̀ ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, á fi irun àgùntàn wé e sí àyà, á sì máa tu wáìnì oúnjẹ Olúwa sí i títí yóò fi di ẹ̀dá tó ń jí wàrà àwọn ẹlòmíràn wá fún un. Mo ti dúró níwájú àwòrán nábrók tí wọ́n ṣe sí ilé àkójọ ohun oṣó ní Hólmavík, èyí tí wọ́n ṣí ní 2000, mo sì rí bí àwọn àlejò ṣe ń pariwo tí wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi wo opó yẹn. Nínú gbogbo ìtàn náà, òun nìkan ni kò ní orúkọ, lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni ọrọ̀ náà ti wá. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ẹnikẹ́ni ṣe èyí rí. Ìtàn ni, àwọn tó ń pa á sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa bí owó kan ṣe ń wá.

Nípa ìgbàgbọ́, ibẹ̀ ni mo rò pé pásítọ̀ yín lè yà lẹ́nu jù. Ọdún 1000 ni àwọn ará Íslándì gba ẹ̀sìn Kristẹni ní ìpàdé wọn ní Þingvellir. Ìwé oògùn tó lókìkí jù lára wọn, Galdrabók, tó ti nǹkan bí 1600 wá tó sì wà ní Stockholm báyìí, ní ọfọ̀ mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú. Jésù wà níbẹ̀, Ẹ̀mí Mímọ́ wà níbẹ̀, orúkọ Ọlọ́run ní èdè Hébérù àti Látìnì wà níbẹ̀, Óðinn àti Þórr, àwọn òrìṣà àtijọ́ wọn, sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú Beelzebub. Àwọn tó kọ wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Díẹ̀ nínú àwọn àmì náà jọ àwọn èdìdì tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ti Sólómọ́nì. Ẹni tó bá rí wòlíì tó ń fi Sáàmù, àbẹ́là àti omi ṣe iṣẹ́ fún ènìyàn yóò mọ irú ọkàn tó kọ Galdrabók. N kò sọ èyí láti fi gbè wọ́n lẹ́yìn. Mo sọ ọ́ nítorí pé "òkùnkùn" nìkan kò tó fi sọ ohun tó wà nínú àwọn ìwé náà.

Mo fẹ́ kí ọmọ yín mọ ohun tí ìjọba àti ìjọ fi ojú àwọn oníwèé wọ̀nyí rí. Ilẹ̀ náà wà lábẹ́ ọba Dẹ́nmárkì, ọba Christian Kẹrin sì ti ṣòfin lórí oògùn ní 1617. Jón Rögnvaldsson ni wọ́n kọ́kọ́ sun, ní 1625, wọ́n ní ó jí òkú dìde láti fi ṣe ọmọlàkejì ní ibi, wọ́n sì rí ìwé tó ní àmì lára nílé rẹ̀. Láti ìgbà náà dé 1683, ènìyàn mọ́kànlélógún ni wọ́n dáná sun, ní ilẹ̀ tí gbogbo ọmọ ènìyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lọ. Ogún nínú wọn jẹ́ ọkùnrin. Obìnrin kan ṣoṣo, Þuríður Ólafsdóttir, ni wọ́n sun pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní 1678. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn obìnrin ni wọ́n ń pè ní àjẹ́ tí wọ́n ń pa. Ní Íslándì, oṣó ni wọ́n ń wá, nítorí ọwọ́ àwọn ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n kọ ni ìwé àti àmì wà. Bébà kékeré kan nínú àpò ẹni ti tó ẹ̀rí.

Ẹjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ti oko Kirkjuból. Jón Magnússon, pásítọ̀ abúlé Eyri, bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn ní 1655. Ó ní èṣù ń tẹ òun mọ́lẹ̀ lóru, ó sì nawọ́ sí bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ nínú ìjọ rẹ̀, àwọn méjèèjì tó ń jẹ́ Jón Jónsson. Lára ohun tí ọmọ jẹ́wọ́ ni pé òun fín rúùnù ìsó sí ọmọbìnrin kan, ìyẹn lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n ń fín, èyí tí wọ́n gbà pé ó ń da inú ènìyàn rú. Wọ́n sun bàbá, wọ́n sun ọmọ, ní 1656. Pásítọ̀ gba nínú dúkìá wọn. Àìsàn kò lọ. Ó wá nawọ́ sí Þuríður Jónsdóttir, ọmọbìnrin bàbá kan náà, àmọ́ ìyẹn já ara rẹ̀ gbà nílé ẹjọ́, ó sì pe pásítọ̀ náà lẹ́jọ́ padà. Ìwé tí pásítọ̀ kọ láti fi gbèjà ara rẹ̀ ṣì wà, mo ti kà á. Ó dá mi lójú pé ìyà ń jẹ ẹ́ ní tòótọ́, ó sì dá mi lójú pé àwọn méjì tó kú kọ́ ló fi jẹ ẹ́. N kò fi pásítọ̀ yín wé e, Mà. Àmọ́ ìdí nìyí tí n kì í fẹ́ gbọ́ "májẹ̀mú òkùnkùn" lẹ́nu ẹni tí kò tíì béèrè ohun tí àmì kan túmọ̀ sí.

Ṣé ó lè ṣe ọmọ yín ní nǹkan? Ìtàn kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín, kí ẹ má baà gbọ́ ọ níbòmíràn kí ẹ rò pé mo fi pamọ́. Nínú ìtàn Egill Skallagrímsson, akéwì àtijọ́ kan ní Íslándì, tí wọ́n kọ ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ kí ọmọbìnrin kan nífẹ̀ẹ́ òun, ó fín rúùnù sí egungun àbùùbùtán, ó sì fi í sórí ibùsùn rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n fín. Àìsàn ló kó bá ọmọ náà. Egill há àwọn lẹ́tà náà kúrò, ó sun egungun, ó fín òmíràn sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ara ọmọ náà sì yá. Ó wá kéwì pé kí ẹni tí kò mọ rúùnù kà dáadáa má fín in. Nítorí náà, lójú àwọn baba ńlá wọn, àìmọ̀ lè dá wàhálà sílẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: wọ́n fín in sí ẹlòmíràn, pẹ̀lú èrò, níkọ̀kọ̀. Ọmọ yín ra àwòrán lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ́rẹ́. Nínú gbogbo ìwé wọn tí mo ti kà, n kò rí ibi tí wọ́n ti sọ pé Vegvísir ń béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, kò sí ètùtù, kò sí ìlérí, kò sí ẹ̀mí tí wọ́n dárúkọ. Bóyá àdúrà tàbí ẹ̀mí ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ohun tí ojú rí, ìwé tí mo kọ́ kò fún mi lágbára láti dá ìyẹn lẹ́jọ́. Ẹ̀yin àti Ọlọ́run yín lẹ ni ín.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nípa àmì náà yàtọ̀ sí tiyín. Àwọn Nazi mú rúùnù mélòó kan nínú lẹ́tà àtijọ́ àwọn ará àríwá Yúróòpù, lára wọn ni èyí tó dà bíi mànàmáná tí wọ́n fi ṣe àmì SS, àti èyí tí wọ́n ń pè ní Óðal. Láti ìgbà náà, àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà kan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti sọ ohunkóhun tó bá jọ ti Viking di aṣọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ń fín Vegvísir mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe àmì wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò bá wọn pé ló ní in lára, Björk olórin náà ní in lápá. Ṣùgbọ́n ọmọ dúdú tó wà ní Leeds yẹ kó mọ̀, kí ó lè yẹra bí ó bá rí i níbi tí àwọn àmì yòókù wà, kí ó sì lè mọ ohun tó máa fèsì bí ẹnì kan bá béèrè ohun tó ń wá nínú rẹ̀.

Nípa bíbó o: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná, ásíìdì tàbí ọṣẹ líle kàn án. Awọ ara dúdú máa ń tètè hu àpá tó ń wú ga sókè, ó sì lè burú ju táàtù lọ. Bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá fẹ́ mú un kúrò, dókítà awọ ara ló yẹ kó rí, kí ó sì bi í bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ dára fún awọ dúdú, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló dára fún un. Owó rẹ̀ wọ́n, ó ń gba oṣù púpọ̀, kì í sì í sábà lọ tán pátápátá. Bí kò bá fẹ́, àgbà ti ń bọ̀ lára rẹ̀, ara tirẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ èmi, n ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ pè é, ẹ má fi ìbínú bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í pé ìgbà wo ló rò pé òun máa ṣìnà, tó fi lọ wá ohun tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Ọmọ tó jìnnà sílé, tó wà nínú òtútù Leeds, tó fín àmì àìṣìnà sí apá, ó ṣeé ṣe kó ní ohun tó fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka gbólóhùn inú ìwé Geir fún un, kí ó lè mọ̀ pé darandaran tó ń wá ilé nínú ìjì ló ni àmì tó wà lápá rẹ̀. Ojú ewé náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní handrit.is, ÍB 383 4to ni kí ó wá níbẹ̀.